Bí Ọ̀gá Adétóyè Ṣe Pa Àwọn Sípíkà Kéékèèké Lẹ́nu Mọ́

Inú bí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú sì tún ń bí mi títí di òní. Ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kí n bínú parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, tí ẹ ti fò dìde lórí àga nítorí pé ọ̀gá kan kọjá lójú fèrèsé, ẹ ó mọ irú ẹni tí mò ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe é rí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá jókòó tì mí.

Ní nǹkan bí ọdún 1991, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, àjọ kékeré kan wà ní Ọ̀fà tí wọ́n ń pè ní Àjọ Ìkìlọ̀ fún Aráàlú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa kìlọ̀ lọ: kí àwọn èèyàn má sungbó lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mọ́tò Pijó kan ni àjọ náà ní, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan lórí rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là gbàgà bí ẹnu ìwo. Bí mọ́tò náà bá ti wọ àdúgbò, ìwo yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Kò dùn ún gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà kan tí kì í gbọ́ ohun tó bá sọ.

Ẹni tó ń darí àjọ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè Ọlábámijí. Èmi sọ pé àjọ ló ń darí. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ló ń darí Ọ̀fà, Ìjàgbó, Òjòkú, àti ọkọ̀ ojú irin tó bá ń kọjá lọ. “Adelé Alákòóso” ni ìjọba pè é, ọ̀rọ̀ “Adelé” yìí sì ń gún un bí ẹ̀gún inú bàtà. Nígbà tí wọ́n kọ oyè náà sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ “Adelé” kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀, inú Ọ̀gá a máa dùn, nítorí ó jọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀.

Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tò sí ẹ̀yìn géètì. Gbádé, akọ̀wé àgbà, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ nítorí pé ó ti tẹ̀ ẹ́ ba fún ọ̀gá tó pọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ ké pé, “Ohùn Ìlú ti dé!” Àwọn yòókù á dáhùn pé, “Ẹ máa wí, sà, etí wa ń yún wa!” Bí Ọ̀gá bá fẹ́ sín, wọn á ti kí i pẹ̀lẹ́ kó tó sín. Ní ọjọ́ kan ó sín láàrin ọ̀rọ̀, Gbádé pàtẹ́wọ́, ó ní ibẹ̀ gan-an lòun ń retí.

Ohùn Ìlú tí wọ́n ń wí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, tín-ín-rín ni. Ọ̀gá Adétóyè ga, ó síngbọnlẹ̀, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ṣùgbọ́n bó bá lanu, ohùn tó ń jáde dà bí ti ọmọbìnrin tó ń ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti etí odò. Nílé ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe Màríà nínú eré Kérésìmesì. N kò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó dunni. Ṣùgbọ́n dípò kí ọkùnrin yìí fi ohùn náà sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fún un, ó mú gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń gbá tábìlì bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ariwo tábìlì lè ran ohùn náà lọ́wọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Nọ́ọ̀sì Asiata wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin náà kò wá kí i. Iṣẹ́ ló bá wá.

“Ọ̀gá, sà, ẹ dákun. Abẹ́rẹ́ èèyí ti fẹ́ dé láti Ìlọrin. Inú yìnyín ló ń gbé, kò lè pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la máa gún un ní pápá ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Táwọn ìyá ò bá gbọ́, ó máa bàjẹ́ sọ́wọ́ wa ni. Ẹ mọ̀ pé èèyí ṣọṣẹ́ ní Òjòkú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ àbúrò mi wà nínú àwọn tó mú lọ, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbọ́.”

Ọ̀gá fara ti àga. Ó gbá tábìlì.

“Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lo ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìtàn lèmi ń sọ! Ṣé o mọ̀ pé Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní pápá yẹn? Ṣé o mọ̀ pé ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí aráàlú ṣe ń jẹ́ ìpè mi? Bí pápá náà bá kún, wọn á yọ ‘Adelé’ kúrò níwájú orúkọ mi. Nítorí náà, pápá náà máa kún. Mo ti pàṣẹ fún un.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Asiata wí. “Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìwo orí mọ́tò yẹn sọ ọ́ dáadáa.”

Ìwo kẹ̀! Obìnrin náà kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ọ̀gá ti lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì ti gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Mọ́tò ọlọ́rọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní oríta. Sípíkà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní wúfà ń dún nínú búùtù rẹ̀, eruku ń jó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, ìdún náà sì gba ìdí Ọ̀gá wọlé, ó dé ọkàn rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún dírẹ́bà rẹ̀ pé, “Irú ohùn yìí ni Ọlọ́run ní lọ́kàn fún mi. Àwọn tó ń pín in ló ṣì í gbé.”

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Sàláwù nìyẹn. Sàláwù ló ń ṣe rédíò mọ́tò nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, kì í sì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ èèyàn rárá. Ó máa ń ní òun ti ṣe rédíò fún ọ̀gágun kan ní Èkó, bẹ́ẹ̀ kò kọjá Ìbàdàn rí. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí a kì í já ní koro ju bó ṣe mọṣẹ́ lọ.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ó kàn ṣiṣẹ́ náà lásán. Ó ní ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ni. Wọ́n to àga síta, wọ́n gba àdúrà, wọ́n sì wo Sàláwù bí ẹni ń wo dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Sàláwù fa wáyà pupa kan tó nípọn láti orí bátìrì, ó fi fíùsì sí i lẹ́nu, ó gbà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Nígbà tó mú fáìlì irin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà ara mọ́tò kúrò, Gbádé fò sókè.

“Mọ́tò ìjọba lo ń ha ní àwọ̀ yẹn?”

“Akọ̀wé, irin gbọ́dọ̀ kan irin kíná tó lè rọ́nà padà sílé,” ni Sàláwù dá a lóhùn. “Tí mo bá so wáyà dúdú yìí mọ́ ọ̀dà, ẹ̀rọ yìí ò ní jí láéláé.”

Ọ̀gá dìde. “Ẹ jẹ́ kó ha á! Kí ìjọba fara gbọgbẹ́ nítorí ìlú!” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọgbẹ́ náà.

Ámúpìlìfáyà, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ga, wọ abẹ́ àga ẹ̀yìn. Àpótí wúfà gba gbogbo búùtù, níbi tí Nọ́ọ̀sì Asiata máa ń kó kúlà abẹ́rẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Sàláwù fa wáyà ohùn láti ara rédíò, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kejì kó má bàa kùn, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì tan án. Mọ́tò náà mì tìtì. Adìẹ fò kúrò lórí odi. Ọ̀gá di ikùn mú, ó dijú, ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ó la ojú.

“Sàláwù, ta ló ń sọ̀rọ̀ tín-ín-tín-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí?”

“Túwítà ni, sà. Àwọn sípíkà kéékèèké tó wà lára ilẹ̀kùn. Wúfà tó wà lẹ́yìn ni bàbá wọn.”

“Bàbá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń dá sí i?”

“Sà, àwọn kéékèèké yẹn ló máa ń gbé...”

“Nílé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ń ṣe ṣíọ̀ṣíọ̀! Ní Ọ̀fà? Lójú mi?”

“Èèwọ̀!” ni Gbádé ké.

Sàláwù wo Ọ̀gá, ó wo Gbádé, ó wo àwọn tó jókòó. Òótọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Ó gbé e mì.

“Ká sòótọ́, sà,” ló wí, “ó pẹ́ tí mo ti ń wò wọ́n. Ìwà wọn ò dáa.”

Báyìí ni wọ́n ṣe yọ gbogbo sípíkà kéékèèké inú mọ́tò náà. Ọ̀gá wá gbójú sókè, ó rí ìwo àtijọ́ lórí mọ́tò. “Ìyẹn ńkọ́? Àgbà wà nísàlẹ̀, ó gun orí àgbà jókòó!” Wọ́n yọ òun náà, wọ́n jù ú sẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Kò pẹ́ tí abo adìẹ kan rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó wọlé, ó yé ẹyin síbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé yín kí a tó máa lọ, kí ẹ má bàa rò pé àfọ̀ṣẹ ni. Wúfà kì í sọ ọ̀rọ̀. Ìdún tó bá wúwo nìkan ló mọ̀. Lára ámúpìlìfáyà rẹ̀, bọ́tìnnì kan wà tó ń ṣọ́nà: ohùn tó bá nípọn, á jẹ́ kó wọlé, ohùn tó bá tín-ín-rín, á dá a padà bí mẹ́sẹ́ńjà ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ṣe máa ń dá tálákà padà. Wàyí o, ohùn ta ló tín-ín-rín jù ní gbogbo Ọ̀fà?

Ọ̀gá gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Èmi, Adétóyè Ọlábámijí, Ohùn Ìlú, Odi Agbára fún Aláìlera, Ìràwọ̀ tí Ń Ṣíwájú Oòrùn...” Ní gbogbo oyè tó bá kà, á gbá tábìlì. Àwọn oyè náà gùn dé ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ parí, kó tó wá sáré sọ pé kí àwọn ìyá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Gbólóhùn abẹ́rẹ́ yìí, kò ráyè gbá tábìlì sí i.

Ẹ ti mọ ohun tó jáde láti inú wúfà. Tábìlì ni. Gbogbo orúkọ, gbogbo oyè, gbogbo abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Tábìlì nìkan ló wọlé: gbùm! Ìdákẹ́jẹ́. Gbùm! Gbùm! Ìdákẹ́jẹ́.

Ọ̀gá mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lórí, nítorí náà ó ń gbọ́ ọ nínú orí rẹ̀ kedere. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. “Ṣé ó yé yín?”

Kò sí ẹni tí ó yé. Ẹ̀rù ba olúkúlùkù pé òun nìkan ni kò yé. Gbádé fi áńkáṣíìfù nu ojú. “Ibi tí ẹ ti dárúkọ àwọn ìyá yẹn, sà, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.”

“Èmi, ibi Ìràwọ̀ ni,” ni akápò wí. Sàláwù ní òun kò tíì gbọ́ Yorùbá tó já gaara tó bẹ́ẹ̀ rí.

Caroline nìkan, ìyàwó Ọ̀gá, ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tíṣà ni, ọmọ kéékèèké ló ń kọ́, bí nǹkan kò bá sì yé wọn, wọ́n a máa sọ fún un. Nígbà tí Ọ̀gá wa mọ́tò náà wọ àgbàlá ilé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó sì tan rédíò náà, Caroline jáde láti ilé ìdáná.

“Daddy Fọlákẹ́, kí ló ń sọ?”

“Kí ló ń sọ kẹ̀? Ìkìlọ̀ ìjọba ni.”

“Mi ò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Ó dà bíi pé wọ́n ń gúnyán nílé kejì.”

“Ohùn ńlá kì í yé ẹni tó bá sún mọ́ ọn, Caroline. Òkèèrè ló ti ń yéni.”

Caroline sún mọ́ ọn. “Ohùn tiyín gan-an ńkọ́? Ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ rélùwéè wá sí Ọ̀fà. Èrò kún ibùdókọ̀, fèrè ń dún, àwọn alábàárù ń pariwo, mi ò mọ ibi tí mo máa yà sí. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ohùn yín nìkan ló la gbogbo ariwo yẹn já. Òun ni mo tẹ̀ lé.”

Ẹ wò ó, ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti dára nìyí. Ojú Ọ̀gá rọ̀. Bí ó bá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ díẹ̀ sí i, n kì bá ti ní ìtàn sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

“Ìyẹn ni pé,” ló wí, “ìwọ náà gbà pé ohùn mi tín-ín-rín.” Ó wọlé, kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbéra ìrìn àjò ìkìlọ̀. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn nínú agbádá, ọwọ́ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń jù ú sí àwọn èèyàn. Mọ́tò náà wọ Ìjàgbó: gbùm! Gbùm! Makáníìkì kan tó wà lábẹ́ lọ́rì gbọ́ ọ, ó yọ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ dúró! Ẹ́ńjìnì yín ti ń nọ́ọ̀kì! Ẹ má wà á mọ́, ó máa bẹ́!” Ọ̀gá rí i, ó juwọ́ sí i tìfẹ́tìfẹ́.

“Gbádé, wo bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀ lé wa.”

“Wọn ò tíì rírú yín rí, sà.”

Ní Òjòkú, àwọn obìnrin sá gbágùúdá sórí àpáta. Wọ́n gbọ́ gbùm lókèèrè, wọ́n wojú sánmà. Ààrá nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Wọ́n pariwo síra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbágùúdá wọlé kí òjò tó dé. Ìyá ọmọ tó yẹ kó gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí òtútù òjò má bàa mú un. Nígbà tí mọ́tò kọjá, tí òjò kò rọ̀, wọ́n tún kó gbágùúdá síta. Bí mọ́tò ti ń padà bọ̀, wọ́n tún kó o wọlé, wọ́n sì ṣépè fún ojú ọjọ́.

“Wọ́n ń palẹ̀ mọ́, sà,” ni Gbádé wí. “Wọ́n ń múra láti wá.”

Nọ́ọ̀sì Asiata pàdé mọ́tò náà bó ti ń wọ Ọ̀fà padà. Ó fọwọ́ dá a dúró, ó gbọ́ gbùm, ó wo orí mọ́tò, kò rí ìwo. Obìnrin náà kàn dúró sójú títì, ó káwọ́ lérí. “Ẹ ti pa wá, sà,” ló wí. Ọ̀gá ní inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà pa á.

Ọjọ́ ọjà pé. Asiata kó kúlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, nítorí àgbà ti gba búùtù. Ó tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí pápá. Ọ̀gá tẹ́ tirẹ̀ náà, pẹ̀lú aṣọ funfun àti òdòdó. Ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì mọ́tò, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí wúfà lọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa lọ títí Kọmíṣọ́nnà yóò fi dé. Pápá náà ṣófo. Ewúrẹ́ kan wá, ó jẹ òdòdó díẹ̀, ó lọ.

Lódì kejì irin rélùwéè, ọjà kún fọ́fọ́. Àwọn ìyá láti Ìjàgbó, láti Òjòkú, láti gbogbo Ọ̀fà, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ná iṣu, wọ́n ń ná ata. Wọ́n ń gbọ́ gbùm láti pápá, wọ́n sì ń sọ pé ìjọba ti ń gbẹ́ kànga. Yìnyín inú kúlà Asiata ń yọ́. Ó ń ṣí i, ó ń wò ó, ó ń dé e. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà.

Kọmíṣọ́nnà dé. Obìnrin ni, Alhaja Safiyat, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Alhaja wo pápá láti òpin dé òpin.

“Àwọn ìyá dà?”

“Alhaja, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà,” ni Ọ̀gá wí. “Ohùn mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn.”

“Kí lohùn yín sọ? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ọ̀gá juwọ́ sí Sàláwù bí ọba ṣe ń juwọ́. Gbùm! Alhaja tẹ́tí. Gbùm! Ó tún tẹ́tí. Gbù... Ó wá parí sí ohùn kan bí ti ẹni tó yó, tó gùnfẹ̀. Bátìrì ti kú. Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò náà ṣe kẹ́, ó dákẹ́.

“Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?” ni Alhaja bèèrè. “Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, kí ló sọ?”

Wọ́n wo ilẹ̀. Gbádé tún ọrùn rẹ̀ ṣe, ó yí i sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. “Alhaja, ká má parọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti gbọ́ nǹkan kan.”

“Èmi ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo so ó,” ni Sàláwù wí. “Àwọn kékeré ló ń gbé ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n yọ wọ́n.”

Asiata kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó ti sáré lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àjọ náà, tí kò jìnnà sí pápá. Ó lé adìẹ, ó kó ẹyin sílẹ̀, ó gbé ìwo náà bọ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ lára rẹ̀. Sàláwù, tí ẹ̀rù ti sọ di ọlọ́gbọ́n, so ó mọ́ àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ tó ṣì wà nínú mọ́tò, ó sì fi bátìrì ọ̀kadà kékeré tó gbé Asiata wá tanná sí i. Bátìrì tí kò ju ìṣù ẹ̀kọ díẹ̀ lọ, ó tó o.

“Ta ló máa sọ̀rọ̀?” ni Alhaja wí. Asiata gbé ohun èlò ìsọ̀rọ̀ sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Alhaja yíjú sí Ọ̀gá. “Ẹ̀yin. Ohùn Ìlú kọ́ lẹ ń jẹ́?”

Ọ̀gá Adétóyè gbà á. Ó gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ mú ohùn rẹ̀ wúwo, ó ní, “Èmi, Adétóyè Ọlábámijí, Ohùn...” Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ nínú ọjà. Asiata ṣí kúlà rẹ̀ sí i lójú: omi ti pọ̀ ju yìnyín lọ níbẹ̀. Ọ̀gá wò ó. N kò mọ ohun tó rí nínú omi yẹn, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti gbá nǹkan kan. Ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ohùn Màríà jáde lẹ́nu rẹ̀, tín-ín-rín, gooro, ó fò kọjá irin rélùwéè, ó wọ àárín iṣu àti ata:

“Ẹ̀yin ìyá! Ẹ gbé ọmọ yín wá! Abẹ́rẹ́ èèyí rèé ní pápá! Ẹ máa bọ̀ kíákíá, kí yìnyín tó yọ́!”

Ọjà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan rékọjá irin, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ya bọ̀, igbá iṣu lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀gá ń pè wọ́n, kò dákẹ́, òógùn ń bọ́ lára agbádá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò bàjẹ́. Asiata ń gún un, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí pápá kún, Ọ̀gá fi ohun èlò náà lélẹ̀. Ó rántí ara rẹ̀. Ó tún agbádá ṣe, ó lọ dúró níwájú Alhaja, ó sì dúró de èrè rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí,” ni Alhaja wí, “mo wá wò ó bóyá ká yọ ‘Adelé’ kúrò níwájú orúkọ yín. A máa yọ ọ́.”

Ọ̀gá tẹríba dé orúnkún.

“A máa yọ ‘Alákòóso’ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó mú nǹkan ìkìlọ̀ jù sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ kò lè darí ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n irú ohùn yìí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ìdí ìwo yẹn lẹ máa jókòó. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ara yín níbẹ̀.”

Gbádé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Obìnrin kan láti Ìlọrin ló wá jókòó sí ọ́fíìsì náà. Gbádé ti mọ bó ṣe ń sín kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n gbé àpótí wúfà jù sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, abo adìẹ sì kó wọ inú rẹ̀, ó ní ààyè wà níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n dá ìwo padà sórí mọ́tò, wọ́n dá kúlà padà sí búùtù. Caroline ní ọkọ òun ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ tún dé, mọ́tò náà wọ Òjòkú lọ́wọ́ ọ̀sán. Ìyàwó tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n fẹ́ wá láti ibòmíràn, ń bó gbágùúdá lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín náà, ó gbójú sókè.

“Mà, ta lẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò yẹn?”

Ìyá náà fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ló wí, “ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ. Pọn ọmọ rẹ, ká máa lọ.”